Àgbò Ọjọ́ Ìbí Ọkọ Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́, ẹ tẹ̀lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran. Ní gbogbo ọdún tí a ti lò ní Dallas, mi ò tíì rí i kó ra ẹran ní ṣọ́ọ̀bù kó má bú u títí dé ilé. "Omi lásán," ló máa ń wí. "Ẹran tí wọ́n fi ọ̀rá wé bí ẹ̀bùn Kérésì, ta ló mọ ìgbà tó kú?" Á gbé e sókè, á yí i síwá sẹ́yìn, á mí kanlẹ̀ bíi pé òkú ìbátan rẹ̀ ló gbé dání. Lẹ́yìn náà, á jẹ ẹ́ tán, á sì béèrè bóyá ó kù nínú ìkòkò.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún rẹ̀ ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àgbò gidi ni wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà, àgbò tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí òun fúnra òun bọ́. Ní McKinney, lẹ́bàá Dallas, là ń gbé, ní àdúgbò tí ẹgbẹ́ onílé ti máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ bí koríko iwájú ilé rẹ bá ga ju kókósẹ̀ lọ. Ibo ló fẹ́ so àgbò mọ́? Inú gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ mi?

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Farmers Branch ló sọ fún un nípa màmá òyìnbó kan tó ń sin àgùntàn lẹ́yìn McKinney, níbi tí ilé ti tán tí pápá ti bẹ̀rẹ̀. Màmá náà ti ń dàgbà, ó sì fẹ́ dín àwọn ẹran rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni náà kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má dárúkọ jíjẹ níwájú obìnrin yẹn o. Ọkùnrin kan ti lọ ra àgbò níbẹ̀ rí, ó béèrè bí ẹran ara rẹ̀ yóò ṣe wúwo tó, màmá sì fi ìgbálẹ̀ lé e dé ẹnu géètì.

A lọ ní Sátidé kan tí òtútù mú dáadáa. Mo bá a lọ nítorí mo fẹ́ rí ìgbálẹ̀ náà.

Erékùṣù kékeré kan lókè Sìkọ́tílándì ni wọ́n bí màmá yìí sí, ibi tó sọ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí igi hù. Ará Texas kan tó lọ ṣiṣẹ́ epo lójú òkun wọn ló fẹ́ ẹ wá síbí. Ọkọ náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn àgùntàn ìlú rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n kéré, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, irun sì bò wọ́n títí ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun, àwọn kan ní àwọ̀ eérú. Ọkọ mi fara mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àwọn wọ̀nyí mà kéré o. Ṣé kì í ṣe ewúrẹ́ ni wọ́n wọ aṣọ fún?"

Síbẹ̀, ó wọ inú ọgbà lọ. Ó na ọwọ́, ó ki ìka bọ inú irun àgbò kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìdí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ ra àgbò nílé rí mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rá ló ń wá. Bí egungun bá gún ọ lọ́wọ́, wàá kọjá sí òmíràn. Bí ibẹ̀ bá rọ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó di ojú, ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rọra mi orí. Mo mọ irú orí mímì yẹn. Ó ti ń rí ata àti àlùbọ́sà lára ẹran náà.

Màmá fi ọwọ́ lé géètì, ó ń wò ó.

"Ọwọ́ rẹ mọ nǹkan," ló sọ. "Bàbá mi gan-an ló ń fọwọ́ kàn wọ́n báyìí. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọjọ́ ìbí mi," ni ọkọ mi dáhùn kó tó ronú. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe rántí ìgbálẹ̀. "Ẹ̀wù," ló sọ kíákíá. "Mo fẹ́ kí wọ́n fi irun rẹ̀ hun ẹ̀wù òtútù fún mi lọ́jọ́ ìbí mi."

"Oṣù wo ni ọjọ́ ìbí rẹ?"

"Oṣù Kẹfà, mà."

"Súwẹ́tà. Ní oṣù Kẹfà. Ní Texas."

"Ara mi kì í tètè gbóná, mà," ni ọkọ mi wí. Ọkùnrin tó ń fi ṣòkòtò péńpé rìn kiri ilé ní oṣù Kejìlá, tó ń bá mi jà lórí ẹ̀rọ amúlétutù! Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo ń wúkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà láti ta àgbò náà, ṣùgbọ́n ó ní kò ní kúrò nínú ọgbà òun títí di ọjọ́ ìbí. Gbogbo Sátidé la gbọ́dọ̀ máa wá fún un lóúnjẹ, ká sì máa fọwọ́ kàn án kó lè mọ̀ wá. Tí ìgbà òtútù bá parí, irun irú àgùntàn ìlú òun máa ń tú fúnra rẹ̀, a ó wá fi ọwọ́ tu ú. Kò sí àlùmọ́gàjí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Inú ọkọ mi dùn bíi pé wọ́n fún un ní owó oṣù lẹ́ẹ̀mejì. Bí a ṣe dé orí fríwéè ló ti ń fi ọwọ́ lu sítíárìn. "Ṣé ìwọ náà rí i? Obìnrin yẹn máa bá mi sin ín títí á fi sanra! Tó bá di June, mo máa ní mo fẹ́ gbé e lọ fi han àwọn people mi. Finish."

"Ẹ̀wù ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ̀wù wo?"

Ó yẹ kí n sọ bí ayé wa ṣe rí nígbà yẹn kó lè yé yín ìdí tí ọ̀rọ̀ àgbò yìí fi di tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọkọ mi ń ti ilé jáde lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí mo bá ń wọlé bọ̀. A máa ń kí ara wa ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì: "Ọbẹ̀ wà ní freezer o." "Mo ti gbọ́." Ọmọbìnrin wa ti lọ sí yunifásítì, ilé sì dákẹ́. Kò sí ìjà láàárín wa. A kàn ti di ayálégbé méjì tí wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ láìjẹ́ pé ó dà bí ẹjọ́.

Àgbò yìí wá fún wa ní Sátidé. A jọ ń jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sùn nítorí ọ̀nà kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi máa ń kó èèpo iṣu sínú ọ̀rá dání, torí ó ní kò sí ohun tó ń mú àgbò sanra bí èèpo iṣu. Nígbà tó yá, bí àgbò náà bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ wa, á sáré wá sí ẹnu géètì. Ọkọ mi á jókòó lórí korobá, á máa rò fún un nípa ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀, lẹ́nu ọ̀rọ̀ tó ń bá àgbò sọ ni mo ti gbọ́ ọ! Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. A sọ ọ́ títí tí a fi délé.

Nígbà tí ọmọ wa wá sílé, a mú un lọ. Ó wo àgbò, ó wo bàbá rẹ̀. "Dad, you can't eat him. You literally tell him your business."

"Tell him kí ni?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Mò ń fi ọ̀rọ̀ mú inú ẹ̀ dùn ni. Ẹran tí inú rẹ̀ bá dùn máa ń rọ̀."

Èmi ní tèmi máa ń wà nínú ilé lọ́dọ̀ Màmá. Ó fi irun hàn mí, bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ya á títí á fi dà bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àti bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú ran án. Ìyá ìyá mi ran òwú nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà mo rò pé ó ti wà lára mi. Irọ́ ni. Òwú tí mo kọ́kọ́ ran nípọn níhìn-ín bí okùn tí wọ́n fi ń so màlúù, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún bí irun orí ọmọ ọwọ́. Màmá gbé e sókè lójú fèrèsé. "Ó dára," ló wí. "A lè fi so géètì."

Ìgbà òtútù parí, irun àgbò sì tú lóòótọ́. A mú un kúrò nínú agbo, Màmá di ìwo rẹ̀ mú, ó sì kọ́ wa bí a ṣe máa rọra fà á láti ibi ọrùn. Ó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irun tuntun kúkúrú sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àgbò náà kò bínú, ó ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Ọkọ mi ló yá lọ́wọ́ jù. Ọmọ ilé tó ti tu ìyẹ́ adìẹ ọdún láti kékeré, ta ló fẹ́ kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n nígbà tí irun tán, tí ẹ̀yìn àgbò náà hàn, ó kún, ó sì tẹ́jú. Ọkọ mi fi ọwọ́ kàn án, ó sì dá itọ́ mì. Mo rí i. Nígbà tí mo wo ojú Màmá, mo mọ̀ pé òun náà rí i.

Bí a ṣe wọlé tí ọkọ mi ṣì ń fọ ọwọ́ níta, Màmá bi mí pé: "Ìgbà wo ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Ahọ́n mi kọ̀. "Ọjọ́ ìbí ẹ̀, mà. Ẹ má bínú."

Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní ní erékùṣù àwọn, ìgbà ìkórè gbogbo ni wọ́n máa ń pa wọ́n, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á gbé e kọ́ sókè ẹ̀fín. Ó ní òun ti jẹ àgùntàn ju iye tí ọkọ mi ti rí láyé rẹ̀ lọ, àti pé ọ̀rá ni bàbá òun náà ń wá nígbà tó bá ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn wọn. Òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Kí ló dé tí ẹ fi tà á fún wa nígbà náà?"

"Ọkùnrin tí mo lé, kò tilẹ̀ wọ ọgbà, ojú ọ̀nà ló ti ń béèrè bó ṣe wúwo. Ọkọ rẹ fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n wo ohun tí Sátidé máa ṣe sí i." Ó nu ojú. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kó jẹ ẹ́?"

Mo sọ fún un láìfi bò pé mi ò fẹ́. Mo ní bí àgbò yẹn bá wọ ìkòkò, Sátidé mi ti wọ ìkòkò nìyẹn, a ó sì padà sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Mo ní mi ò lè bẹ ọkọ mi, torí ó ti ṣèlérí fún gbogbo ayé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọjọ́ alẹ́. Màmá ronú díẹ̀. Ó ní súwẹ́tà ni ọkọ mi sọ pé òun fẹ́, súwẹ́tà ni a ó fi fún un. Ká wo ẹni tó máa wọ irun àgbò sọ́rùn kó tún gbé ọ̀bẹ sí i.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ náà. Màmá ní bẹ́líìtì awọ kan tó lu ní ihò, ó máa ń dì í mọ́ ìbàdí, á ki ìdí abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú ihò náà, ọwọ́ rẹ̀ á wá máa sáré. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti ń le, ó sì ń sinmi lóòrèkóòrè. Èmi ń hun tèmi nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi rò pé mo ti tún lóyún. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ọkọ mi jẹ iyán yó tó ń hanrun lórí àga, mo fi tépù wọn ikùn rẹ̀. Ó la ojú. "Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀fọn ni," mo wí, mo sì gbá a lábàrá níkùn kó lè dá a lójú.

Ikùn yẹn ló fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́. Èmi ti fi òwú púpọ̀ ṣòfò nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀gún koríko Texas ti ba apá kan irun náà jẹ́, ikùn ọkọ mi sì gba gbogbo ìyókù. Bí ọjọ́ ṣe kù díẹ̀, a parí ara rẹ̀, a parí apá ọ̀tún, òwú sì tán. Mo ní ká fi ti àgùntàn mìíràn kún un, ṣebí àwọ̀ kan náà wà nínú agbo. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí kò bá jẹ́ ti àgbò yẹn nìkan, súwẹ́tà lásán ni, wọ́n sì ń ta súwẹ́tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Allen.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí, ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kó okùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, ọ̀kan nínú wọn sì fi aṣọ ìnura di ọ̀bẹ. Èmi ti ṣáájú wọn débẹ̀. Oòrùn ti mú débi pé géètì ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Màmá jáde sí wọn pẹ̀lú súwẹ́tà lápá, ó kí ọkọ mi kú ọjọ́ ìbí, ó sì ní kó wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Ọkọ mi wo ẹ̀wù náà, ó wò mí. Èmi ń wo òkè. Kò sí bó ṣe lè kọ̀ ọ́ lójú àgbàlagbà, òun ló kúkú sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Ó bá a mu gẹ́lẹ́, àfi pé apá òsì rẹ̀ wà níhòòhò láti èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ta ló gé yín lápá?"

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n àgbò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ń sáré bọ̀. Màmá kì í fọ irun kó tó ran án, òróró ara ẹran ṣì wà nínú òwú náà. Àgbò dúró lójijì. Ó fi imú gbóòórùn ẹ̀wù náà láti ìsàlẹ̀ dé àyà, ó mí sí i, ó sì gbé orí lé ikùn ọkọ mi, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ mi gbé ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ó fi lé e lẹ́yìn. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó ń tú okùn. "Ẹ jẹ́ kí n so ó."

"Kò tíì parí," ni ọkọ mi wí.

"Kí ni kò tíì parí?"

"Súwẹ́tà yìí. Ẹ ò rí i pé apá kan ló kù ni? Irun ẹ̀ ni wọ́n máa fi parí ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n! Torí súwẹ́tà? Àwọn èèyàn ti ń bọ̀!"

"Next year," ni ọkọ mi wí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi òjò. "Ẹ lọ ra adìẹ."

Inú mi dùn débi pé mo wọlé lọ sunkún díẹ̀ nínú ilé ìdáná Màmá. Adìẹ ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ fi ṣú, òun náà sì ń dá wọn lóhùn pé àgbò òun ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, kó tó ṣíwọ́ ó dọdún tó ń bọ̀.

Ọdún náà pé. Irun tú, a tu ú, èmi náà ti mọ òwú ran dé àyè kan, ó sì pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, apá yẹn ńkọ́?" Ní Sátidé kan, mo jókòó ti Màmá, súwẹ́tà wà lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń fi abẹ́rẹ́ ṣa ojú òwú yí èjìká òsì ká kí n lè bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi wọlé láti inú ọgbà, ó dúró.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Apá kejì," mo wí. "Òwú ti pé. Kò ní pẹ́ parí."

Màmá kò gbé ojú sókè. Ọkọ mi wá jókòó tì mí, ó gba súwẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó sì fa abẹ́rẹ́ náà yọ, gbogbo ojú òwú tí mo ti ṣà jábọ́. Ó ká ẹ̀wù náà dáadáa, ó fi sábẹ́ abíyá.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Tí ẹ bá parí ẹ, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"